Omi Fàdákà Nílé: Bátìrì Mẹ́ta, Ádápítà, Ẹ̀rọ Oníkọ́ráǹtì Kan, àbí Tiransifọ́mà?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó fi fọ́tò kan ṣọwọ́ sí mi lórí WhatsApp: àpótí ike funfun kékeré, wáyà pupa kan, wáyà dúdú kan, okùn fàdákà méjì nínú ife omi. Ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀rọ tó ń ṣe omi fàdákà ni, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní colloidal silver. Ẹ bu omi sí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó parí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò, ṣé kí n ra eléyìí ni, àbí bátìrì tí wọ́n ń lò nínú fídíò yẹn ti tó?" Fídíò kan tó ti wò ló ń sọ, níbi tí wọ́n ti ń fi bátìrì mẹ́ta ṣe omi fàdákà, tí wọ́n sì ń mu ún.

Inverter àti ṣájà ni iṣẹ́ mi, Ṣómólú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo ti tú irú àpótí bẹ́ẹ̀ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi gbìyànjú mẹ́ta nínú ọ̀nà mẹ́rin tí mo fẹ́ fi wéra níbí. Ẹ̀kẹrin, mi ò dán an wò, mi ò sì ní dán an wò.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀: mímu kọ́

Mo dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má mu ún o." Ó bínú díẹ̀, torí ohun tó tìtorí ẹ̀ fẹ́ rà á nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin náà.

Fàdákà tó bá wọ ara kì í jáde tán. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣẹ́kù sí abẹ́ awọ. Bó bá pọ̀ tó, tí oòrùn sì ń pa awọ náà, awọ á yí padà sí àwọ̀ eérú tó fara jọ aró. Argyria ni wọ́n ń pè é. Kì í pa èèyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣí kúrò. Stan Jones, olóṣèlú kan ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, fi iná ṣe omi fàdákà nílé ara rẹ̀, ó sì ń mu ún nítorí ó ń bẹ̀rù pé oògùn máa wọ́n bí ọdún 2000 bá dé. Nígbà tó fi máa du ipò aṣòfin àgbà ní 2002, ojú rẹ̀ ti di aláwọ̀ eérú. Ọkùnrin yẹn kò ra ayédèrú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é.

Àjọ FDA, tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ ní 1999 pé oògùn tí èèyàn lè rà láìgba ìwé dókítà, tó bá ní omi fàdákà nínú, àwọn kò gbà pé ó dára fún ara tàbí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, tí kòrónà dé, wọ́n tún kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí àwọn tó ń tà á gẹ́gẹ́ bí oògùn rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo oògùn táíróòdù tàbí àwọn antibáọ́tíìkì kan, fàdákà lè má jẹ́ kí ara gba oògùn yẹn dáadáa.

Ìṣirò kan wà tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é. Àjọ EPA, tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, sọ iye fàdákà tí èèyàn lè máa gbà sára lójoojúmọ́ láìsí ìpalára: mílígíráàmù 0.005 fún kílò ara kan. Ẹni tó bá wọn kílò 70, tirẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 0.35. Bí omi fàdákà yín bá jẹ́ 10 ppm, ìyẹn mílígíráàmù mẹ́wàá nínú lítà omi kan, mílílítà 35 péré ti gbé iye yẹn délẹ̀. Ṣíbí ìjẹun méjì àti díẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó wà nínú fídíò ń mu ife kan.

"Kí wá ni wọ́n ń fi ṣe nígbà náà?" Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi tó tẹ̀lé e nìyẹn, ìbéèrè tó dára sì ni. Ní Guatemala ní 1981, Fernando Mazariegos ṣe ìkòkò amọ̀ tó ń sẹ́ omi, wọ́n sì máa ń fi omi fàdákà kun ara rẹ̀ kí kòkòrò má baà rí ibi fara pamọ́ sí. Ìkòkò bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ara amọ̀ ni fàdákà wà, ìwọ̀nba tó ń bọ́ sínú omi sì kéré. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì náà ń fi í kọ́ ọmọ nípa iná àti átọ́ọ̀mù. Èmi ṣe tèmi fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ife

Bí ẹ bá so okùn fàdákà kan mọ́ ẹnu bátìrì tó ní àmì àròpọ̀, tí ẹ so èkejì mọ́ ti àyọkúrò, tí ẹ ki méjèèjì bọ omi, ti àròpọ̀ á máa tú díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń tú yìí kò tíì di ẹ̀rún. Áyọ́ọ̀nù ni, átọ́ọ̀mù fàdákà tó ti sọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan nù. Ojú kò lè rí i, omi á ṣì mọ́ gaara. Ìgbà tí díẹ̀ nínú wọn bá padà di fàdákà tí wọ́n sì kó ara wọn jọ ni ẹ̀rún kéékèèké á wà níbẹ̀, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti omi orógbó. Ẹ tan iná lésà ọmọdé sí i nínú òkùnkùn. Bí ẹ bá rí ojú ọ̀nà iná náà gbọọrọ nínú omi, ẹ̀rún wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, áyọ́ọ̀nù ni èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń ṣe nílé, áyọ́ọ̀nù ló pọ̀ nínú rẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé colloid, ìyẹn omi tó ní ẹ̀rún kéékèèké nínú, ni wọ́n kọ sára ìgò.

Iye tó máa tú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúrà. Michael Faraday ti là á sílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1834: iye kọ́ráǹtì, ìyẹn iná tó ń ṣàn, àti iye àsìkò ló ń pinnu rẹ̀. Mílíámpù kan (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ámpù) fún wákàtí kan kò lè tú ju nǹkan bíi mílígíráàmù mẹ́rin lọ. Nínú lítà omi kan, 4 ppm nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì àbọ̀, ó di 10 ppm, tàbí kó dín díẹ̀, torí lára ohun tó tú máa ń lọ lẹ̀ mọ́ okùn kejì bí ìdọ̀tí dúdú. Ẹ ṣàkíyèsí pé fóltì kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. Ẹni tó bá ń fi fóltì polówó ẹ̀rọ fún yín, ohun tí kò ṣe pàtàkì ló ń sọ.

Bátìrì 9 fóltì mẹ́ta

Èyí ló wà nínú fídíò. Wọ́n to bátìrì 9 fóltì mẹ́ta pọ̀ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, ó di fóltì 27, wọ́n so kílíìpù méjì mọ́ ọn. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé iná ìjọba kò kàn án, kò sì lè gbé ẹnikẹ́ni. Ọmọ ilé ìwé lè ṣe é lójú àgbà.

Ibi tó ti burú ni pé kò sí ohun tó ń dá kọ́ráǹtì dúró. Omi tó mọ́ kì í fẹ́ gbé iná, nítorí náà fún ìgbà díẹ̀ kò ní sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí fàdákà bá ti ń wọ inú omi, omi á máa gbé iná sí i, fàdákà á tún máa tú sí i, omi á tún gbé iná sí i. Bí ìgbà tí èèyàn bá ń ti kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí afárá ni. Nígbà tí ẹ máa fi yíjú padà, okùn ti hu irun dúdú, ẹ̀rún ńláńlá ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ife. Àwọn kan máa ń sọ pé "ó ti lágbára" nígbà yẹn. Ó ti bàjẹ́ ni.

Ádápítà ara ògiri

Ti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì tó ti kú, fóltì 12, tàbí ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, fóltì 24. Gbogbo ilé l'Ékòó ló ní ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀, ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn èèyàn fi ń lò ó. Ìṣòro ti bátìrì náà ló ní, ó sì tún fi méjì kún un.

Àkọ́kọ́ ni iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo gbé ife kan kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, mo kọ àsìkò sílẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú iná lọ. Mo ní ó dáa, n óò bá a lọ tó bá dé. Oníbàárà kan pè mí sí Oyíǹgbò, mo gbàgbé láti yọ píloọ̀gì. Iná dé nígbà tí mi ò sí níbẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ títí mo fi padà dé lálẹ́. Ohun tí mo bá nínú ife dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò ìdáná igi.

Èkejì ló burú jù. Àwọn ádápítà olówó pọ́ọ́kú kan wà tí kò ya fóltì 230 ti ara ògiri sọ́tọ̀ dáadáa kúrò lára wáyà kékeré tó ń jáde. Ẹ̀yin á rò pé fóltì 12 lẹ ń fọwọ́ kàn, ọwọ́ yín sì tutù, omi sì wà níbẹ̀. Mo ti ṣí irú rẹ̀ tí kò ní tiransifọ́mà kankan nínú. Bí ẹ kò bá lè ṣí i kí ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ní bátìrì inverter nílé lè rò pé òun á kúkú mú fóltì 12 láti ibẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí fíúsì kékeré wà lára wáyà náà, torí bí kílíìpù méjèèjì bá kan ara wọn, bátìrì yẹn lè yọ́ wáyà mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ tó ń di kọ́ráǹtì mú

Èyí ni mo fọwọ́ sí. Ẹ̀rọ náà kì í jẹ́ kí kọ́ráǹtì kọjá iye kan, ká ní mílíámpù kan, ohun yòówù kí omi máa ṣe. Èyí tó dára nínú wọn tún ń pààrọ̀ àròpọ̀ àti àyọkúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra kí okùn kan má baà hu irun, ó sì ní ohun kékeré tó ń ro omi. Ìgbà yìí ni ìṣirò Faraday tó wúlò fún yín: ẹ wo aago, ẹ mọ iye tó wà nínú omi.

Ọ̀pọ̀ nínú àǹfààní yìí, ẹ lè rí i láìra ẹ̀rọ. Ẹ padà sọ́dọ̀ bátìrì mẹ́ta yẹn, kí ẹ fi resistor kílóómù 22 kan, ohun kékeré tó ń dín kọ́ráǹtì kù, sáàárín. Owó kékeré ni wọ́n ń tà á ní Aláàbà tàbí ní Computer Village n'Íkẹjà. Fóltì 27 nínú kílóómù 22 jẹ́ mílíámpù 1.2. Omi ì báà gbé iná tó bí irin, kọ́ráǹtì kò lè kọjá ibẹ̀. Yóò ṣì bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, nítorí náà ẹ fi mítà sójú ọ̀nà kí ẹ máa wo iye rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí onípákó ro ó nígbà kan sí ìkejì, ẹ pààrọ̀ kílíìpù ní ìdajì àsìkò. Mo ṣe èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Omi náà jáde ní àwọ̀ ìyeyè, lésà sì hàn nínú rẹ̀ gbọọrọ.

Àpótí funfun tó wà nínú fọ́tò ńkọ́? Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: mílíámpù mélòó ló ń gbé? Ìdáhùn tó rí gbà ni pé ó "lágbára gan-an, 20 ppm". Ppm láìsọ iye omi àti iye wákàtí, bí ìgbà tí èèyàn sọ pé ìrẹsì òun jẹ́ ife méjì láìsọ irú ife ni.

Tiransifọ́mà fóltì gíga

Tiransifọ́mà pátákó oníná neon àtijọ́, fóltì bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ni wọ́n ń lò. Wọ́n á jẹ́ kí okùn fàdákà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú omi, iná á sì máa bu mànà láàárín wọn. Àwọn kan tún ń yọ tiransifọ́mà inú máíkírówéfù. Ìyẹn tiẹ̀ burú jù, torí fóltì bíi ẹgbẹ̀rún méjì ni ṣùgbọ́n kọ́ráǹtì rẹ̀ pọ̀ tó láti pa èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Yàtọ̀ sí ikú, mànàmáná nínú afẹ́fẹ́ ń mú kí náítírójìn àti ọ́síjìn dara pọ̀, wọ́n á wọ inú omi, omi á sì gba ásíìdì díẹ̀. Nítorí náà, kò tiẹ̀ mọ́ ju ti bátìrì lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ọ̀nà àwọn onímọ̀ ni. Òótọ́ ni pé Georg Bredig, ará Jámánì, fi mànàmáná abẹ́ omi ṣe ẹ̀rún irin ní 1898. Inú yàrá ìwádìí ló ti ṣe é, ámpù rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe orí tábìlì ilé ìdáná l'Ébúté Mẹ́ta.

Fún ẹni tó bá kánjú:

| | Bátìrì mẹ́ta lásán | Ádápítà | Kọ́ráǹtì tí a dì mú | Tiransifọ́mà |
|---|---|---|---|---|
| Fóltì | 27 | 12 sí 24 | nǹkan bí 27 sí 30 | 2,000 sí 10,000 |
| Ṣé ẹ lè ṣírò ppm? | rárá | rárá | bẹ́ẹ̀ ni | rárá |
| Bí iná bá lọ | kò kàn án | ìṣirò bàjẹ́ | kò kàn án bó bá jẹ́ ti bátìrì | ẹ dúpẹ́ |
| Ewu | kò tó nǹkan | ó wà, pàápàá ayédèrú | kò tó nǹkan | ikú |

Omi ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù

Èèyàn lè ní ẹ̀rọ tó dára jù kó sì fi omi ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Omi kànga ẹ̀rọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ní àyíká ọ̀sà ní iyọ̀ nínú, ẹnikẹ́ni tó bá fi wẹ̀ ti mọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ gbìyànjú, omi yẹn ló lò. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láti ara okùn, ó ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi tayọ̀tayọ̀. "Àbúrò, wo fàdákà!" Fàdákà àti kílóráìdì inú iyọ̀ ló ti di ohun kan náà, ohun funfun tí kì í yòrò. Ó gbé ife náà sójú fèrèsé, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti dúdú. Ohun kan náà yìí ni àwọn ayàwòrán àtijọ́ fi ń ya fọ́tò, torí ìmọ́lẹ̀ ń sọ ọ́ di dúdú. Àwọn kan tilẹ̀ ń dìídì wọ́n iyọ̀ sí omi kó lè yá. Ẹ má ṣe é láéláé.

Omi inú ọ̀rá náà kò mọ́ tó fún èyí, bó tiẹ̀ dára fún mímu. Omi tí wọ́n sọ di ooru, tí ooru náà tún padà di omi, ni ẹ nílò. Omi bátìrì ni àwọn oní-mọ́tò ń pè é, ó sì wà ní Ládípọ̀ àti létí ọ̀nà gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹ la ojú yín: àwọn kan ń ta ásíìdì bátìrì nínú irú ìgò kan náà, àwọn mìíràn sì ń rọ omi lásán sínú rẹ̀. Mítà TDS kékeré, tí wọ́n fi ń wo ohun tó yòrò sínú omi, á sọ òótọ́ fún yín. Bí ó bá ka 0 tàbí 1, ó dára. Ó ka 40? Ẹ fi fọ mọ́tò. Kí ẹ sì mọ̀ pé mítà yìí kì í ka fàdákà gan-an. Bí omi ṣe ń gbé iná ló ń wò, nítorí náà kò rí ẹ̀rún rárá.

Okùn fàdákà ńkọ́? 999 ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Èyí tí wọ́n kọ 925 sí ní ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún tí kì í ṣe fàdákà, bàbà ló sì máa ń jẹ́, yóò sì wọ inú omi yín. Èyí tí wọ́n ń pè ní German silver kò ní fàdákà kankan nínú, bàbà, níkẹ́lì àti síǹkì ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ní ṣílè bàbá wa àgbà nínú àpótí, ṣé kò ní dára? Ṣílè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n rọ láti 1913 dé ìbẹ̀rẹ̀ 1920 ní fàdákà 925 nínú, àwọn tó tẹ̀lé e sì jẹ́ idẹ. Mo wo ọdún ara rẹ̀: 1936. Ó padà sínú àpótí.

Bí ẹ bá ṣe é tán, inú ìgò dúdú ni kó wà, níbi tí oòrùn kò ti lè rí i, kí ẹ kọ "Kì í ṣe fún mímu" sára rẹ̀ gàgàrà. Ilé tó ní ọmọdé, ẹ gbé e sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi kò ra àpótí funfun náà. Mítà TDS ló rà, ó sì ti fi wọn omi gbogbo aládùúgbò tán. Omi mímu wọn, sísè ni wọ́n ń sè é.